"Ó Wà" Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Dáhùn

Ìjọba ní oko ẹ̀gbọ́n mi kò bàjẹ́. Wọ́n ní òun gan-an ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Orí àga onírọ́bà kan ni mo jókòó sí nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Yábàá, níwájú ọkùnrin kan tí kò kí mi, tí kò sì gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Màmá, bàbá yìí ò pàdánù nǹkan kan," ó ní. "Ohun tí sístẹ̀mù sọ nìyẹn."

"Ta ni màmá ẹ?" mo bi í. "Èmi ò bí ẹ. Ẹni tí mo bá bí á mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn."

Ìbínú ni mo bá wọ ibẹ̀, ìbínú ni mo sì bá jáde. Mo ti ń ta síìpù, bọ́tìnnì àti òwú ní Pápá Àjàó ní Mushin láti ìgbà tí n kò tíì ní ewú kan lórí. Mo ti bá àwọn tó ń gba owó lọ́jà jà, mo ti bá télọ̀ tó ra òwú pupa tán tó ní aláwọ̀ ewé lòún sọ jà. Ṣùgbọ́n n kò tíì ja ìjà tí wọ́n máa gbé ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde kí wọ́n fi bá mi jà.

Kí n tó máa bínú lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Réluwéè ni bàbá wa bá ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, ẹbí wa sì ní ilẹ̀ oko níbẹ̀ lẹ́bàá odò. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ oko náà ju ìgbà tí a bá lọ ṣe Kérésì lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń hun aṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ náà pa, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá kẹ̀kẹ́ Márúwá gùn, òun ní òun ń lọ sí oko bàbá òun. Kò sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo ní ọmọ Èkó tí kò lè ya ewé iṣu sọ́tọ̀ lára ewé ewùrà, kí ló fẹ́ lọ wá nínú igbó? Mo ní ẹ̀fọn á lé e padà.

Ẹ̀fọn kò lé e. Ó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò bàbá wa, ó sì di ará oko ju àwọn tí wọ́n bí sóko lọ. Àní ohùn rẹ̀ yí padà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí bàbá wa máa ń sọ, tí àwa ọmọ Èkó ti sọ nù, ló wá kún ẹnu rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún tí kò lè dìde, tí o bá bi í, á ní, "Ara ń le." Èmi tí mo máa ń ro gbogbo ẹjọ́ ayé mi fún ẹni tó wá ra abẹ́rẹ́ kan, mo máa ń bi í pé ta ló ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Á rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn níbẹ̀. Ó sọ fún mi rí pé ní Èkó, gbogbo ibi tí òun bá dúró sí ló ń dà bíi pé òun dí ẹnì kan lọ́nà, pé orí ilẹ̀ yẹn ni òun ti kọ́kọ́ dúró tí ẹnikẹ́ni kò ní kí òun sún.

Lọ́dún tó kọjá, òjò àròkúrò rọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, odò kún, ó sì ya. Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù ni àwa máa ń pè é l'Ékòó níbí. Oko ni tiwọn ya. Iṣu jẹrà nínú ebè. Ẹ̀gẹ́ rọ̀ bí ẹ̀kọ nínú ilẹ̀. Àgbàdo bá omi lọ. Òun kọ́ ló sọ fún mi o. Ará ìlú wa kan tó wá ra òwú ní ṣọ́ọ̀bù mi ló sọ ọ́, ó rò pé mo ti gbọ́. Ó ní láti ojú títì, orí igi ọsàn nìkan lèèyàn ń rí. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní omi ti gbé oko yín lọ!"

"Omi ṣe díẹ̀ níbẹ̀," ó ní. "Ọjà ńkọ́? Ṣé ó ń tà?"

Omi ṣe díẹ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fóònù náà mọ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba gbé e sórí rédíò pé àwọn máa san owó ìrànwọ́ pàjáwìrì fún gbogbo àgbẹ̀ tí omi ṣe lọ́ṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Wọ́n kọ orúkọ wọn, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò, wọ́n ní kí oníkálukú máa retí ìpè. Àwọn tó máa pè wọ́n, tó máa mọ ẹni tí oko rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́, Èkó ni wọ́n wà. Ẹ rò ó wò. Oko wà lápá Ògbómọ̀ṣọ́, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún pé kí wọ́n wò ó wà ní Yábàá lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n fi nǹkan há etí. Bí ẹnì kan nínú wọn bá tilẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ oko rí, kò hàn lára bàtà wọn.

Owó dé. Gbogbo àwọn tó bá ẹ̀gbọ́n mi pààlà ló rí tiwọn gbà. Òun kò rí nǹkan kan. Bí kò bá sì rí i kí òjò àkọ́rọ̀ tó balẹ̀, kò ní rí ẹ̀bù iṣu rà, kò ní rí igi ẹ̀gẹ́ gbìn, kò ní rí alágbàṣe tó máa bá a kọ ebè. Iṣẹ́ oko parí nìyẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kí mi, ó kí gbogbo ilé, ó wá ní:

"Láńlọ́ọ̀dù yín tó ń wá ẹni tí á máa ṣí géètì, ṣé ó ti rí ẹnì kan?"

Láńlọ́ọ̀dù wa ní Sùúrùlérè ti ní kí àwa tí a háyà ilé rẹ̀ bá òun wá àgbàlagbà tó ṣeé fọkàn tán, tó máa gbé nínú yàrá kékeré ẹnu géètì. Mo kàn fi ìyẹn ṣe ìròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kan ni. Kò sí ohun tó burú nínú ká ṣí géètì. Ẹni tó ń jẹun nídìí rẹ̀ kò jalè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kọ́! Kí ó fi Èkó sílẹ̀ nítorí kí ó lè rí ibi dúró sí, kí ó wá padà wá máa dúró ní ẹnu géètì nínú Èkó yìí kan náà, kí ọmọ kékeré máa fọn fèrè ọkọ̀ sí i?

"Ó ti rí ẹnì kan," mo ní. Irọ́ ni mo pa. Ọjọ́ kejì ni mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì kọrí sí Yábàá.

Bí mo ṣe dé iwájú ọkùnrin tí kò kí mi yẹn nìyẹn. Òun ni ọ̀gá ibẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ pé oko òun kò bàjẹ́, kí ó jẹ́ kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ó ní òfin kò gbà á. Mo ní kò burú, èmi náà máa jókòó síbẹ̀ títí òfin á fi gbà á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. A mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn sókè ní Mushin. Kò pẹ́ tó fi pe ọmọbìnrin kan pé kí ó wá jẹ́ kí n gbọ́ ìpè náà tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí n lè máa lọ. Ọmọ náà ló pe ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tí wọ́n ń pe àwọn àgbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn, ó tẹ nǹkan kan lára kọ̀ǹpútà, ohùn tirẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n mi sì jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Oo. O kú iṣẹ́, ọmọ mi."

"Ilé ńkọ́, sà?"

"Ó wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́, sà?"

"Wọ́n wà, a dúpẹ́."

"Oko ńkọ́, sà?"

"Ó wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ṣé kò sí wàhálà kankan, sà?"

"Kò sí wàhálà, ọmọ mi. Àlàáfíà ni."

"Ẹ ṣé, sà. Ìjọba ní ká kí yín."

"Mo kí wọn o. Bá mi kí wọn."

Ó tán síbẹ̀. Ọ̀gá wọn wá gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wò mí bí ẹni tó ti jàre. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n bá òun kí ìjọba! Oko rẹ̀ wà lábẹ́ omi, ó ń kí wọn!

Mo ti kó èébú jọ sẹ́nu fún ọmọbìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ bú u sí? Ọmọ tí wọ́n tọ́ kí àgbàlagbà tí wọ́n tọ́, àgbàlagbà dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ìbéèrè ìjọba ló rò pé òun bi. Ìkíni ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ta ni wọ́n ń kí ní "Oko ńkọ́?" tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfò? Ẹ̀kọ́ ilé àwọn méjèèjì ló pàdé lórí fóònù tó sì gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn, pé n kò rí ẹni bú.

"Ìwọ ọmọ yìí," mo ní, "tí mo bá pàdé ẹ ní títì, tí mo ní 'Ìyá ẹ ńkọ́?', tí ìyá ẹ sì wà lórí àìsàn, kí lo máa sọ?"

"Màá ní wọ́n wà, mà."

"Ìyá tó wà lórí àìsàn?"

Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mà, mi ò fẹ́ kó dà bí àrífín ni mo ṣe bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù níbí kì í kí wọn rárá. Wọ́n á kàn ní, 'Baba, water don spoil your farm àbí e never spoil?'"

"Àwọn tí wọ́n bi báyẹn, kí ni wọ́n máa ń sọ?"

"Wọ́n máa ń bínú, mà. Wọ́n á ní ó bàjẹ́, ó bàjẹ́, kí ni wọ́n tún ń bi àwọn sí."

"Wọ́n sì gba owó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹ ò rí ayé lóde. Ẹni tó bọ́ sọ́wọ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́ rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sọ́wọ́ ọmọlúàbí, ó jìyà. Mo yíjú sí ọ̀gá wọn, mo ní ó ti gbọ́ ọ báyìí, kí ó tún un ṣe. Ó ní òun kò lè tún nǹkan kan ṣe. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé oko òun bàjẹ́, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, torí wọ́n fẹ́ pa iṣẹ́ náà dé. Mo ní kí wọ́n pè é lójú mi. Ọmọ náà pè é, ó kí i, lọ́tẹ̀ yìí ó wá bi í gbangba pé:

"Bàbá, ṣé omi ba oko yín jẹ́?"

"Omi ṣe díẹ̀ níbẹ̀, ọmọ mi," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Ọ̀gá na ọwọ́, ó ní, "'Díẹ̀' ò sí nínú sístẹ̀mù. Ó bàjẹ́ àbí kò bàjẹ́?"

Mo ní kí ọmọ náà gé ìpè yẹn. Mo jáde sórí àtẹ̀gùn, mo fi fóònù tèmi pe ẹ̀gbọ́n mi padà. Gbogbo ilé yẹn ló gbọ́ ohun tí mo bá a sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn pé oko ti bàjẹ́!"

"Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

"Ẹnu ta wá ni? Ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ pe ìyá ọba lájẹ̀ẹ́ ni? Oko yín ni wọ́n ń béèrè!"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìwọ gbọ́," ó ní. "Mo ṣì fẹ́ padà sórí ilẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ ń gbọ́. Ẹni tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ ní òkú, ṣé ó tún máa pè é wá jẹun?"

"Ilẹ̀ kì í ṣe ọmọ! Ṣé ilẹ̀ ló máa ra ẹ̀bù fún yín?"

"Ọlọ́run á pèsè."

"Ọlọ́run ti pèsè, ó wà ní Yábàá, ẹ̀yin ni ẹ ò fẹ́ la ẹnu gbà á!"

Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tó ń sọ. Abẹ́ òrùlé kan náà la ti dàgbà. Ìyá wa kò jẹ́ sọ pé iyọ̀ tán láyé. Wọ́n á ní ká lọ ra díẹ̀ wá kún un, nígbà tí ìsàlẹ̀ agolo sì ti ń dán. Ọba pàápàá, a kì í ní ó kú. Ṣùgbọ́n mo ti gbé gbogbo ìyẹn kalẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, mo bá tèmi lọ. Ẹni tó bá ń tajà ní Mushin tí kò lè la ẹnu sọ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, wọ́n máa rẹ́ ẹ jẹ títí ni. Mo sọ fún un pé bí kò bá wá sí Èkó kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó tán, kí ó má pe fóònù mi mọ́. Mo sì pa fóònù kí ó tó dáhùn.

Ó wá. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní Jíbówú níbi tí ọkọ̀ já a sí. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa, ó dé fìlà, àpò ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́ẹ́rẹ́. Láti ìgbà tó ti ń ṣe oko, kò wá sí Èkó rí láìgbé iṣu dání fún mi. "Mi ò rí nǹkan mú bọ̀," ó ní, kí n tó kí i rárá. Mo kúnlẹ̀, mo ní ta ló béèrè iṣu. A wọ ọkọ̀ lọ sí Yábàá.

Bí a ṣe wọlé, ó kí gbogbo wọn lápapọ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa." Orí díẹ̀ gbé sókè, ó tún wálẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn nìkan ló dìde, ó kúnlẹ̀, inú ẹ̀gbọ́n mi sì dùn nígbà tó mọ̀ pé ọmọ náà ló bá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ń bi í nípa àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní kó jókòó, ó nawọ́ sí àga bí ẹni ń lé ẹran, ó fi ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

"Bàbá," ọmọ náà ní, "ṣé omi ba oko yín jẹ́?"

"Oko wà, ọmọ mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni omi kó lọ."

Mo rò pé ó ti tó. Ta ló gbọ́ Yorùbá tí ìyẹn kò ní yé? Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn mi orí. "Baba, no long story. Ó bàjẹ́ àbí kò bàjẹ́? Kẹ́ ẹ sọ pé oko yín ti parun. Tẹ́ ẹ bá ní oko wà, sístẹ̀mù máa kọ ọ́ pé oko wà."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ìṣẹ́jú ń lọ, àwọn tó wà nídìí tábìlì yòókù ti dákẹ́ iṣẹ́, wọ́n ń wò wá. Ọ̀gá yẹn wo aago. Ó ní àwọn èèyàn mìíràn ń dúró. Ìgbà yẹn ni ara mi kò gbà á mọ́. Gbogbo ìbínú tí mo ní sí ọkùnrin yẹn, sí ìjọba, sí omi, orí ẹ̀gbọ́n mi ni mo da gbogbo rẹ̀ lé.

"Ẹ sọ ọ́!" mo pariwo. "Ṣé kí n bá yín sọ ọ́ ni? Ẹ ò ní iṣu, ẹ ò ní ẹ̀gẹ́, ẹ ò tiẹ̀ ní nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé wá fún mi! Àbí géètì lẹ fẹ́ lọ máa ṣí? Ẹ sọ pé ó ti parun ká máa lọ!"

Ó wò mí. Kò wò mí báyẹn rí láyé. Ó wá ṣí fìlà rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣí i níbi tí òkú bá wà, ó gbé e lé itan.

"Oko mi ti kú," ó ní sí ẹ̀rọ náà. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó ti kú."

"Thank you, Baba," ọ̀gá ní, ó sì tẹ nǹkan kan.

Ọmọbìnrin yẹn ń sunkún. Èmi kò sunkún. Inú mi dùn ni, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Mo ti ṣẹ́gun wọn. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi délé, mo gún iyán tí mo fi owó ara mi ra iṣu rẹ̀. Ó jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ dùbúlẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ló ti dúró de owó náà, kò sì pẹ́. Mo máa yìn wọ́n níbi tó yẹ: kí òjò kankan tó rọ̀ ni àlẹ́ẹ̀tì dún lórí fóònù rẹ̀ nínú pálọ̀ mi. Mo fò sókè. Mo ní, "Ẹ di ẹrù yín! Tẹ́ ẹ bá lọ lọ́la, ẹ máa bá ẹ̀bù tó dáa lọ́jà." Ó ka àlẹ́ẹ̀tì náà, ó pa fóònù dé.

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" ó ní.

Mo rò pé àwàdà ni. Mo ní oko ńlá kan wà lápá Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń dúró dè é.

"Kò sí oko kankan. Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo yín. Owó tí wọ́n bá san lórí òkú, ìsìnkú ni wọ́n fi ń ṣe."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bínú. Mo pe àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Mo pe pásítọ̀ wa. Ó fetí sílẹ̀ sí gbogbo wa pẹ̀lú sùúrù, ó sì pín owó náà fún àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń pín ogún, láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn. Kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó jókòó lójú fèrèsé mi, ó ń wò ó bó ṣe ń rọ̀ sórí kọnkéré. Nígbà tí òjò dá, ó wọ bàtà, ó lọ kan ilẹ̀kùn láńlọ́ọ̀dù wa. Àwọn méjèèjì ló jọ sọ̀rọ̀. Wọn kò pè mí sí i.

Ó kó àpò rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi lọ sí yàrá ẹnu géètì. Mo ní kí ló dé tí kò lè máa sùn lọ́dọ̀ mi. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ẹnu géètì ló ń sùn. Kò bá mi jà. Ó máa ń jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, ó máa ń dá abọ́ mi padà ní fífọ̀.

Ní ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ti ọjà dé pẹ̀lú báàgì òwú méjì. Àwọn ará ilé wa kan dúró nínú ọgbà, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Mo kan géètì, ẹ̀gbọ́n mi ṣí i. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè kọjá, ó na ọwọ́ sí ẹrù mi.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ó ní.

Mo dúró. Mo rò pé kò rí mi dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi mà nìyí."

"Mo mọ̀, mà," ó ní, ó sì gba báàgì náà lọ́wọ́ mi.